ÌMỌ̀RÀN NÍNÚ ILÉ: Títọ́ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Pẹ̀lú Okùn Nínú Àgbàlá Ẹni

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́", òun náà a sì dáhùn pé, "Òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Òwe yìí ni a fi ṣí ọ̀rọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni a fẹ́ sọ, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a sì ní i ni kì í wò ju òkè rẹ̀ lọ. A ń fọ̀ ọ́, a ń nù ún, a ń fẹ́ kí ó máa dán lójú àwọn ènìyàn; ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn, a kì í bẹ̀rẹ̀ wò ó títí yóò fi kó wa sí ìyọnu.

Àwa náà wà nínú àwọn tí ń wo òkè. Ní ilé wa ní Ìkòsí, a ní Toyota Corolla kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré mọ́. Ní àkókò òjò tí ó kọjá, bí a ti ń ti Kétu bọ̀ sí ìhà Máìlì 12 ní ìrọ̀lẹ́, a kó sínú kòtò kan tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà dún gbì, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ. Láti ọjọ́ náà ni sítíárìn kò ti jókòó gún mọ́. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ tọ́, ọkọ̀ náà a máa ṣe bí ẹni tí ọtí ń pa, a ní láti máa dá a padà sí ọ̀tún, a ní láti máa dá a padà sí òsì.

A gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n fún wa ní ìwé tí a kọ nọ́ńbà sí, a san owó, a sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí ó ṣe, a ra táyà tuntun méjì sí iwájú. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni. Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́fà ni a ó wọ ọkọ̀ náà lọ sí Ìbàdàn fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. A yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Máìlì 12 kí ó bá wa fẹ́ táyà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà iwájú, ó sì pè wá: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ yín kan ibí yìí." A fi ọwọ́ kàn án, wáyà inú táyà sì gún wa ní ìka, ẹ̀jẹ̀ jáde. Lójú ìta, táyà náà dàbí ẹni pé àná ni a rà á. Ní ẹ̀yìn, níbi tí ojú kò lè rí, ó ti jẹ dé wáyà. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọmọ náà ní, "Inú ni ó ti ń jẹ ẹ́, Bàbá. Ìta ni ẹ ń wò." Kò mọ̀ pé òwe ni òun ń pa fún wa.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ọkọ̀ tí ó kún fún ìyá, baba àti ọmọ, lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, lórí táyà tí wáyà ti yọ lára rẹ̀. A kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ èrò ni a wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó.

Nígbà tí a dé, a tọ ògbólógbòó mẹ́káníìkì kan lọ ní Kétu, ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ní apá òsì àti apá ọ̀tún, ó sì mì ín. Ẹsẹ̀ náà ń mì kọ̀ǹgọ̀-kọ̀ǹgọ̀. "Tíṣà," ni ó wí fún wa, "oríkèé ti yẹ̀. Àwọn tí wọ́n tọ́ ọ, egungun tí ó ti yẹ̀ ni wọ́n ń tọ́. Bí ẹ bá tọ́ ọ lónìí, yóò tún wọ́ lọ́la." Ó rán wa lọ sí Òwódé Onírin láti ra orí táì-rọ́ọ̀dù méjì, ó dè wọ́n, ó sì wí pé èyí tí ó kù kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a sanwó fún, òun yóò kọ́ wa bí a ti ń fi okùn ṣe é nílé. Ẹ̀kọ́ náà ni a fẹ́ pín fún yín.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè gbà wọ́. Èkíní ni èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní tóò. Bí ènìyàn bá lè wo ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láti òkè wá, yóò rí i bóyá iwájú wọn sún mọ́ ara ju ẹ̀yìn wọn lọ, tàbí bóyá iwájú wọn yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn bí ẹsẹ̀ aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Èkejì ni káńbà: bí a bá dúró níwájú ọkọ̀, a ó rí i bóyá orí táyà tẹ̀ sínú tàbí ó tẹ̀ síta. Ẹ̀kẹta ni kásítà, èyí tí í ṣe bí òpó tí ẹsẹ̀ náà fi ń yí ti fẹ̀yìn tì, gẹ́gẹ́ bí irin iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun ni í mú kí sítíárìn padà sí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yà tán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, tóò nìkan ni a dá ibi àtúnṣe sí fún ẹsẹ̀ iwájú. Òun náà ni ó sì ń tètè jẹ táyà. Òun ni ẹni tí ó wà nílé lè fi okùn ṣe. Káńbà àti kásítà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Ọ̀pá irin méjì tí ó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ni à ń pè ní táì-rọ́ọ̀dù. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí wọn ti wà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ayé. Ará Jámánì kan, Georg Lankensperger, tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ìlú Munich, ni ó ro ó ní nǹkan bí ọdún 1817, kí ẹsẹ̀ tí ó wà ní inú kọ́nà lè yí ju èyí tí ó wà ní ìta lọ, kí èyíkéyìí má bàa wọ́ nílẹ̀. Rudolph Ackermann gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní London ní 1818, orúkọ Ackermann ni ayé sì fi ń pè é títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé mílímítà díẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí a wọn tiwa, ẹsẹ̀ méjèèjì yà síta ní mílímítà 6 lápapọ̀, èyí tí í ṣe 3 fún ẹsẹ̀ kan, lórí ríìmù tí ìbú rẹ̀ tó 400 mílímítà. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú kìlómítà kan, táyà kọ̀ọ̀kan ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀ fún mítà 7 àti ààbọ̀. Ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní 2008, láti Máìlì 12 dé CMS, tó kìlómítà 22. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ wíwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ táyà rẹ̀ lórí ọ̀dà fún mítà 165 ní àlọ nìkan. Báwo ni táyà kò ṣe ní í jẹ?

Táyà fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Bí àárín rẹ̀ nìkan bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín kò sì jẹ, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí etí inú nìkan bá jẹ, ó lè jẹ́ pé iwájú ẹsẹ̀ yà síta, tàbí pé orí rẹ̀ tẹ̀ sínú jù. Bí etí ìta ni, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú sí ìta, kí ẹ tún ra á láti ìta sí inú: bí ó bá ń dán ní ìhà kan tí ó sì ń họ ọwọ́ ní ìhà kejì bí ìpẹ́ ẹja, tóò ni.

Wàyí o, bí a ti ń ṣe é nìyí.

Èkíní, ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé wa dà sí ìhà gọ́tà kí omi òjò lè ṣàn lọ. Ẹ lè fi rọ́bà tí ó mọ́ gaara, tí a bu omi sínú rẹ̀, wọn ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe. Ẹ fẹ́ táyà sí ìwọ̀n tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, nígbà tí wọ́n ṣì tutù.

Èkejì, ẹ yẹ oríkèé wò kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kí ẹ fi dúró lórí òpó irin tí ó lágbára. Ẹ dì í mú ní apá òsì àti apá ọ̀tún, kí ẹ mì ín. Lẹ́yìn náà ẹ dì í mú ní òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ tún mì ín. Bí ó bá ń mì, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ pe mẹ́káníìkì. Ibi tí àwọn tí a sanwó fún ti ṣìnà nìyí.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ yí i síwájú sẹ́yìn fún mítà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ mú sítíárìn gún régé, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ ìjókòó kí ó má bàa yí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ na okùn méjì, ọ̀kan ní apá òsì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú, ní ìwọ̀n gíga àárín ẹsẹ̀. Àwa fi irin mẹ́rin tí a rì sínú agolo kọ́ǹkéré ṣe òpó rẹ̀. Àlàfo láti òpó kan sí èkejì gbọ́dọ̀ dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn. Àlàfo láti okùn sí àárín ẹsẹ̀ iwájú òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú ọ̀tún. Ti ẹ̀yìn òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè yàtọ̀ síra, nítorí ẹsẹ̀ iwájú lè fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Iṣẹ́ sùúrù ni èyí; ó gbà wá ní wákàtí kan.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wọn àlàfo láti okùn sí etí iwájú ríìmù, àti láti okùn sí etí ẹ̀yìn ríìmù kan náà. Bí ti iwájú bá ju ti ẹ̀yìn lọ, iwájú ẹsẹ̀ náà kọjú sínú. Bí ó bá kéré sí i, ó yà síta. Ní ti tiwa, ẹsẹ̀ òsì jẹ́ 148 níwájú àti 152 lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jẹ́ 149 níwájú àti 151 lẹ́yìn. Ọmọbìnrin wa tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, iye tí a pè fún un kò bára mu, òun ni ó sì rí i pé ikùn táyà ni a ń wọ̀n ní ìhà kan, tí a sì ń wọn ríìmù ní ìhà kejì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Àwọn náà yóò wa ọkọ̀ ní ọjọ́ kan.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò lè na okùn lè fi ẹfun fa ìlà tín-ín-rín yí ojú táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ká nígbà tí ó wà lókè tí a sì ń yí i, kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ó yí i síwájú díẹ̀, kí ó wá fi téèpù wọn àlàfo ìlà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn ní ìwọ̀n gíga kan náà. Ìyàtọ̀ wọn ni tóò. Ṣùgbọ́n èyí kò ní sọ fún un èwo nínú ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún ìwọ̀n tí ó yẹ, nítorí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ó súnmọ́ òdo. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí ó ti táì-rọ́ọ̀dù pa, ẹ dẹ okùn irin tí ó di rọ́bà rẹ̀ kí rọ́bà má bàa lọ́, kí ẹ sì yí ọ̀pá náà. Bí táì-rọ́ọ̀dù bá wà lẹ́yìn àárín ẹsẹ̀, bí i ti ọkọ̀ wa, mímú un gùn ni yóò mú iwájú ẹsẹ̀ wọ inú. Bí ó bá wà níwájú, òdìkejì ni. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ní ọkọ̀ wa, ìdámẹ́rin yíyí kan ṣoṣo tó mílímítà kan tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bá tọ́, ẹ ti nọ́ọ̀tì pa dáadáa, kí ẹ sì fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀tì tí a gbàgbé láti ti pa burú ju ẹsẹ̀ wíwọ́ lọ.

A kò ní fi àṣìṣe wa pamọ́. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dípẹtà, kò sì gbọ́ ti sípánà. Nítorí ìkánjú, a kó gbogbo mílímítà 6 sórí ẹsẹ̀ òsì nìkan. Àròpọ̀ rẹ̀ pé, a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà á jáde, bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, sítíárìn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mẹ́káníìkì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ gba gbèsè ẹni méjì lọ́wọ́ ẹnìkan." A da epo sí nọ́ọ̀tì náà mọ́jú, ó sì gbọ́ ní ọjọ́ kejì. A wá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, 4 fún òsì, 2 fún ọ̀tún, sítíárìn sì jókòó gún.

Ìkìlọ̀ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ pa á mọ́. Ẹ má ṣe ti ara yín bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró, bí ó ti wù kí ó jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Jáàkì a máa yẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá ti ní ìjàm̀bá, bí orí táyà bá tẹ̀ tí ó hàn sí ojú, tàbí bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìgbàlódé tí ó ní ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ mú ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Bí ẹ bá sì lọ, ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "Ǹjẹ́ ẹ ti mi oríkèé rẹ̀ wò?" Ẹ gba ìwé ti ìṣáájú àti ti ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì kà á. A kò bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ. Ẹni tí kò yẹ ìsàlẹ̀ wò kí ó tó lo ẹ̀rọ ni a ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt dẹ́kun ṣíṣe táyà ní 2007, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Dunlop ní Ìkẹjà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń ga bí owó òkun ti ń ga. Èyí ni ó ń ti ọ̀pọ̀ ìdílé sórí táyà tòkunbọ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rà á, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tí ó bá gbó kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Nísinsìnyí, ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọmọbìnrin wa a máa mú àkísà àti iná ìléwọ́, a máa bẹ̀rẹ̀, a sì máa ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.